Ímeèlì Ọmọ Wa Kò Gbọdọ̀ Wà Lọ́wọ́ Oníkàfé

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín kí n fi bá àwọn òbí àti olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi sọ̀rọ̀ lórí ímeèlì, èyí tí ọ̀pọ̀ wa ṣì kà sí ohun tí a kàn ń kọ sí fọ́ọ̀mù kí fọ́ọ̀mù lè kún.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tọ̀ mí wá pẹ̀lú omijé lójú. Ó ti wá iṣẹ́ síbì kan, wọ́n sì ní àwọn yóò fi èsì ránṣẹ́ sí ímeèlì rẹ̀. Mo ní kí ó ṣí i. Ìwé pélébé kan ló nà sí mi, tí wọ́n fi bíírò kọ àdírẹ́sì gígùn kan sí: orúkọ rẹ̀, orúkọ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti bá a ṣe JAMB ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, àti nọ́ńbà mẹ́ta. Kò sí páásìwọọ̀dù níbẹ̀. Nígbà tí a fẹ́ gba ímeèlì náà padà, wọ́n ní àwọn ti fi kóòdù ránṣẹ́ sí fóònù tí nọ́ńbà rẹ̀ parí sí 47. Ta ló ni 47? Oníkàfé tó bá a ṣí ímeèlì náà ni. A sáré lọ síbẹ̀, búrẹ́dì ni wọ́n ń tà nínú ṣọ́ọ̀bù náà báyìí.

Ray Tomlinson, ará Amẹ́ríkà tó kọ́kọ́ fi ímeèlì ránṣẹ́ láti kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn ní 1971, ló mú àmì @ láti fi ya orúkọ ẹni sọ́tọ̀ kúrò lára orúkọ kọ̀ǹpútà tí lẹ́tà rẹ̀ ń dé sí. Ímeèlì kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí àpótí lẹ́tà tí àwọn bàbá wa ń gbà ní ilé ìfìwéránṣẹ́, tí wọ́n ń so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ ti ilé. Èwo nínú wọn ló fi kọ́kọ́rọ́ yẹn sílẹ̀ fún akọ̀wé tó bá a kọ lẹ́tà?

Àwọn kan á ní WhatsApp ti tó. WhatsApp ni èmi náà fi ń kí àwọn ọmọ mi, ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́, báńkì àti agbanisíṣẹ́ kò yéé fi ìwé tó lágbára ránṣẹ́ sí ímeèlì, níbi tí ẹni tó kọ ọ́, ọjọ́, àkòrí àti àwọn tí a fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí ti hàn kedere. (Àwa tí a bá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé onírin dàgbà mọ̀ pé bébà káábọ̀ǹ tó ń ba ọwọ́ jẹ́ ni “Cc” orí ímeèlì, àyè tí a ń kọ àdírẹ́sì àwọn tó máa gba ẹ̀dà sí, ti ṣẹ̀ wá.)

Mo rọ àwọn ilé ìwé girama kí wọ́n ya àkókò díẹ̀ sọ́tọ̀ fún ọmọ SS3, kí oníkálukú fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí ímeèlì, kí ó sì fi nọ́ńbà òbí rẹ̀ sí i dípò ti ẹni ẹlẹ́ni.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti pe ilé iṣẹ́ náà. Wọ́n ní àwọn ti fi èsì ránṣẹ́, kí ó lọ wo ímeèlì rẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìbàdàn.