Ìwọ Ta Ni, Ọmọ Mi?

Ọ̀rọ̀ Olùṣọ́-Àgùntàn fún ọ̀sẹ̀ yìí
Bíbélì kíkà: Jẹnẹsisi 27:1–33

Ẹ̀yin ará mi ọ̀wọ́n nínú Olúwa,

Oore-ọ̀fẹ́ àti àlàáfíà kó máa jẹ́ tiyín. Ọ̀rọ̀ lórí ìkórè ni mo ti ń múra rẹ̀ sílẹ̀ fún ìwé ìròyìn ọ̀sẹ̀ yìí, akọ̀wé ìjọ sì ti ní kí n tètè fi ránṣẹ́. Ẹ jẹ́ kó dúró ná. Níbi tí a wà lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n gbé fídíò kan sórí síkírínì, ẹ̀rọ sì fi ojú àti ohùn baba kan tó ti kú súre, ó tún sọ ọmọ tó ni ilé. Ẹni tó wà níbẹ̀ á mọ ìdí ọ̀rọ̀ mi. Ẹni tí kò sí níbẹ̀, kó má wulẹ̀ máa wádìí kiri lẹ́yìn ìsìn, torí ẹni tó bá máa ròyìn á fi iyọ̀ tirẹ̀ sí i. Ẹ jẹ́ ká ṣí Bíbélì sí Jẹnẹsisi 27, ká fara balẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ mọ ìtàn náà. Isaaki ti darúgbó, ojú rẹ̀ ti di bàìbàì. Ó ní kí Esau, àkọ́bí òun, lọ pa ẹran ìgbẹ́ wá, kó sè é bí òun ṣe fẹ́ràn rẹ̀, kóun lè jẹ ẹ́ kóun sì súre fún un kóun tó kú. Rebeka gbọ́. Ó ní kí Jakọbu lọ mú ọmọ ewúrẹ́ méjì wá nínú agbo. Ó sè é. Ó gbé aṣọ Esau tó dára jù wọ Jakọbu. Ó wá fi awọ ewúrẹ́ bo ọwọ́ rẹ̀ àti ibi tó ń dán ní ọrùn rẹ̀, torí pé Esau nírun lára, Jakọbu ò ní. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ọrùn yẹn sọ́kàn, mo ṣì ń bọ̀ lórí rẹ̀.

Ẹ wo bí iṣẹ́ náà ṣe pé tó. Baba ò ríran, nítorí náà wọn ò da ara wọn láàmú lórí ojú. Irun wà fún ọwọ́ tó máa fọwọ́ bà á, òórùn aṣọ wà fún imú, ọbẹ̀ wà fún ahọ́n. Ewúrẹ́ ilé dà bí ẹran ìgbẹ́ lẹ́nu ẹni tó ti ń jẹ ẹran ìgbẹ́ bọ̀ tipẹ́! Ní ọdún 1962, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Morton Heilig gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ẹ̀rọ kan tó pè ní Sensorama. Ẹni tó bá jókòó sídìí rẹ̀ á máa wo àwòrán bí ẹni tó ń gun alùpùpù kiri New York, àga á máa mì lábẹ́ rẹ̀, atẹ́gùn á máa fẹ́ sí i lójú, òórùn á sì máa ta sí i nímú. Rebeka ti ṣe tirẹ̀ ṣáájú rẹ̀, láìlo iná mànàmáná. Ẹ sì tún wò ó: kì í ṣe àlejò ló ṣe é. Àlejò ò mọ bí ọbẹ̀ ṣe ń rí lẹ́nu Isaaki, kò sì mọ ibi tí aṣọ Esau wà. Àwọn ará ilé ló mọ̀ ọ́n.

Ohun kan ṣoṣo ló bọ́ lọ́wọ́ wọn, ohùn. Jakọbu lanu, baba sì mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀.

Lónìí, ohùn ló wá rọrùn jù láti ṣe. Fóìsì nóòtì tí baba fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé kí ọmọ bá òun ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bọ̀, ìwọ̀nba díẹ̀ rẹ̀ ti tó fún ẹ̀rọ AI (ọgbọ́n àtọwọ́dá) láti kọ́ bó ṣe ń fa ọ̀rọ̀ àti bó ṣe ń dákẹ́ díẹ̀ kó tó dárúkọ èèyàn. Fọ́tò kan ti tó fún un láti mú kí ẹnu máa mì, kí ojú máa ṣẹ́. Ohun tó gba Rebeka lọ́wọ́, ọmọ tí kò tíì pé ogún ọdún lè ṣe é lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ lóru, kí iná NEPA tó lọ.

Isaaki kì í ṣe òmùgọ̀. Mo fẹ́ kí ẹ ka ìbéèrè rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. “Ìwọ ta ni, ọmọ mi?” Wọ́n dá a lóhùn. “Báwo lo ṣe tètè rí i tó bẹ́ẹ̀?” Wọ́n tún dá a lóhùn, wọ́n tilẹ̀ fi orúkọ Ọlọ́run kún un, pé Olúwa Ọlọ́run rẹ ló ṣe é lọ́nà rere fún mi. (Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tí irọ́ rẹ̀ bá ti tètè débi orúkọ Ọlọ́run.) “Sún mọ́ mi, kí n fọwọ́ bà ọ́.” Ó fọwọ́ bà á. Ó wá sọ ọ̀rọ̀ tí gbogbo wa mọ̀ lórí: “Ohùn Jakọbu ni ohùn yìí, ṣùgbọ́n ọwọ́ Esau ni ọwọ́ yìí.” Ó tún bi í pé, “Ṣé ìwọ ni Esau ọmọ mi gan-an?” Jakọbu ní, “Èmi ni.”

Àbí ẹ ò rí i? Òótọ́ ti jáde lẹ́nu baba. Ohùn Jakọbu ni, ó sọ ọ́ síta, ó sì tún fi í sílẹ̀ ó tẹ̀ lé irun. Iyèméjì rẹ̀ àkọ́kọ́ ló tọ̀nà, ẹ̀rí tó rí lẹ́yìn ìgbà náà ló ṣì í lọ́nà. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún òṣìṣẹ́ kan ní Hong Kong, tí ìròyìn rẹ̀ kárí ayé ní ọdún 2024. Wọ́n kọ lẹ́tà sí i pé kó san owó kan níkọ̀kọ̀, ó fura. Wọ́n wá pè é sí ìpàdé orí fídíò. Ó rí ọ̀gá rẹ̀, ó rí àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ó gbọ́ ohùn wọn, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Àṣé ẹ̀rọ ló ṣe gbogbo àwọn yòókù, òun nìkan ni èèyàn gidi níbẹ̀. Nǹkan bíi 200 mílíọ̀nù dọ́là Hong Kong ló bá a lọ.

Ṣùgbọ́n owó kọ́ ni mo ń sọ. Ìre ni mo ń sọ.

Nígbà tí mo bá ka orí yìí, ibi ẹkún Esau ni mo sábà máa ń sáré lọ. Lọ́sẹ̀ yìí, ẹsẹ kẹtàlélọ́gbọ̀n ni kò jẹ́ kí n kọjá: “Isaaki sì wárìrì gidigidi.” Àgbàlagbà gbọ̀n lórí ibùsùn rẹ̀. Ó mọ̀ pé ohun tóun ti fi ẹnu òun sọ ti lọ, òun ò sì lè pè é padà. Ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tó mú kí ìre jẹ́ ìre. Ẹni tó súre náà lè kọ̀. Ó lè sọ pé rárá, mi ò tíì ṣe tán, pe àbúrò rẹ wá ná. Bó bá sì sọ ọ́ tán, ọ̀rọ̀ náà wà lọ́rùn òun náà, á sì dáhùn fún un níwájú Ọlọ́run. Ẹ̀rọ kì í wárìrì. Kò sí ohun tó máa ṣe é bó bá súre fún ẹni tí kò yẹ.

Ní ọdún 2017, nígbà tí wọ́n ń ṣàjọyọ̀ 500 ọdún Àtúnṣe Ìsìn ní Wittenberg ní Jámánì, ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì kan gbé róbọ́ọ̀tì kan kalẹ̀ níbẹ̀ tí wọ́n pè ní BlessU-2. Èèyàn á yan èdè, á yan ohùn ọkùnrin tàbí ti obìnrin, á yan irú ìre tó ń fẹ́. Róbọ́ọ̀tì á gbé ọwọ́ irin méjèèjì sókè, iná á tàn ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, á sì súre. Bóo bá fẹ́, á tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé fún ọ. Àwọn tó ṣe é ní káwọn èèyàn lè jíròrò lórí rẹ̀ làwọn ṣe ṣe é, mo sì gbà wọ́n gbọ́. Ní 2023, ní Fürth, Jámánì kan náà, ó lé ní 300 èèyàn tó jókòó nínú ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń gbọ́ ìwàásù tí ChatGPT, ẹ̀rọ AI kan, kọ, tí àwòrán èèyàn lórí síkírínì ń sọ ọ́. Àwọn yẹn mọ̀ pé ẹ̀rọ ni. Wọ́n ti kéde rẹ̀ ṣáájú. Tiwa ńkọ́?

Kí ẹnikẹ́ni má lọ sọ pé olùṣọ́-àgùntàn wa ní ẹ̀rọ jẹ́ ti èṣù. Awakọ̀ òfuurufú tó ń gbé yín lọ sí London, inú ẹ̀rọ tó dúró sójú kan ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe bí ẹ́ńjìnnì bá kú, kó tó di pé ẹ̀mí yín wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní Yunifásítì Washington ní Seattle, wọ́n ṣe eré kan fún àwọn tí iná jó. Wọ́n á de awò ńlá kan, tó ń mú kí èèyàn rí ara rẹ̀ níbi tí kò sí, mọ́ aláìsàn lójú, á rí ara rẹ̀ níbi tí yìnyín bò, á máa ju yìnyín, àwọn nọ́ọ̀sì á sì máa bá a wẹ egbò. Ìrora á dín kù. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ìyẹn. Kódà ìyá ará Kòríà kan, tí ọmọ rẹ̀ kékeré kú, tí wọ́n fi awò náà bò lójú tí wọ́n sì fi ìbọ̀wọ́ sí i lọ́wọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n ní 2020 kó lè tún rí ọmọ náà, mi ò ní ọ̀rọ̀ líle kankan fún un. Ọwọ́ rẹ̀ ń wá orí ọmọ láti fi pa á, afẹ́fẹ́ ló ń bá. Kò gba ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó kàn ń ṣọ̀fọ̀ ni.

Àwọn baba wa tó wà nínú òkùnkùn pàápàá mọ ààlà. Ní Ọ̀wọ̀, nígbà ìsìnkú àkó, wọ́n á gbẹ́ igi kó jọ olóògbé, wọ́n á gbé aṣọ rẹ̀ wọ̀ ọ́, wọ́n á gbé e kiri ìlú kí gbogbo ayé lè rí bí iyì rẹ̀ ti tó. Ẹ wá sọ fún mi, ta ló bi àkó pé ọmọ wo ló ni ilé?

Ibi tí mo ń lọ gan-an rèé, ẹ dákun ẹ má bínú. Ọ̀rọ̀ tóo fọwọ́ ara rẹ tẹ̀ sínú ẹ̀rọ lálẹ́, tí ẹ̀rọ fi ohùn baba rẹ kà síta lọ́sàn-án, ìwọ lo súre fún ara rẹ. Bí baba ò bá pín ilé kó tó lọ, kò pín in. Ìwé ìhágún wà, ilé ẹjọ́ wà, ìpàdé mọ̀lẹ́bí wà. A kì í gbé ẹ̀rí èké wá síwájú pẹpẹ, ká tún fi orin bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ẹ̀yin àgbà ìjọ ńkọ́? Èèyàn tó ti lo àádọ́ta ọdún nínú ìgbàgbọ́ ṣí fìlà fún síkírínì. Àwọn ìyá kúnlẹ̀. “Àmín” tí mo gbọ́ lọ́jọ́ yẹn, mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí lọ́jọ́ Ìsinmi kankan. Ẹ fọwọ́ sáyà kí ẹ dá mi lóhùn: nínú àwọn tó sunkún nígbà tí ohùn náà bẹ̀rẹ̀, mélòó ló lọ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ni ín nígbà tó ń ṣàìsàn? Ìwé ìbẹ̀wò ẹgbẹ́ wà lọ́wọ́ mi. Mo yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ jẹ́ kí n má ka orúkọ. Ká ní ẹ máa ń lọ ni, ẹ̀ bá ti mọ̀. Baba tó ń fi Àbẹ̀kẹ́ pe ọmọ rẹ̀ láti kékeré, ṣé orúkọ tó wà nínú ìwé ìrìnnà ló máa fi pè é lọ́jọ́ ìre? Ọmọdé kan ṣoṣo ló wí i lẹ́yìn mi pé, “Bàbá kì í sọ̀rọ̀ báyìí.” Ìyá rẹ̀ ní kó dákẹ́.

Ẹ̀yin baba tẹ́ ẹ ṣì wà láàyè, ọ̀rọ̀ yín náà nìyí. Ẹ pe àwọn ọmọ yín jọ. Ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ lójú wọn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹni tó máa bínú bínú nígbà tẹ́ ẹ ṣì lè pè é padà kí ẹ pẹ̀tù sí i nínú. Bí Isaaki bá pe Esau àti Jakọbu pọ̀ ni, kí ni Rebeka ì bá fi awọ ewúrẹ́ ṣe?

Ẹ wo ohun tí awọ náà ná wọn. Rebeka ní kí Jakọbu lọ lo “ọjọ́ díẹ̀” lọ́dọ̀ Labani. Ọjọ́ díẹ̀ yẹn di ogún ọdún, Bíbélì ò sì sọ ọ́ fún wa níbì kankan pé ìyá àti ọmọ tún fojú kan ara wọn. Labani fi Lea rọ́pò Rakeli fún un nínú òkùnkùn. Nígbà tó darúgbó, àwọn ọmọ rẹ̀ pa òbúkọ, wọ́n ti ẹ̀wù Josẹfu bọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n gbé e wá bá a. Ewúrẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Síbẹ̀ ẹ ṣí i sí orí kẹtàlélọ́gbọ̀n, ẹsẹ kẹrin. Jakọbu ń bọ̀ pẹ̀lú ìbẹ̀rù, ó ń wólẹ̀ bó ṣe ń bọ̀. “Esau sì sáré pàdé rẹ̀, ó sì gbá a mọ́ra, ó sì rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn.” Ọrùn! Ọrùn kan náà tí ìyá wọn fi awọ bò. Kò sí awọ níbẹ̀ mọ́, ọ̀bọ̀rọ́ ọrùn Jakọbu ni Esau rọ̀ mọ́, àwọn méjèèjì sì sunkún. Kò sí ẹni tó bèèrè níbẹ̀ pé ta ló ni ìre.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ mọ ara yín. Inú agbada kan náà ni mo ti ṣe ìsàmì fún yín. Mi ò pè yín wá síwájú ìgbìmọ̀, mi ò sì ní pè yín. Alẹ́ ọjọ́ Àìkú yìí, Ìyá Ìjọ á ro àmàlà, gbẹ̀gìrì á wà níbẹ̀. Kí àgbà wá, kí àbúrò wá, kí ẹnikẹ́ni má mú lọ́yà dání. Ìwọ ọ̀dọ́mọkùnrin tí ọwọ́ rẹ mọ iṣẹ́ yẹn, má sá fún ìsìn nítorí mi. Ọgbọ́n Ọlọ́run ló wà lọ́wọ́ rẹ. Àwọn ìyá àgbà tí kò lè wá sí ìsìn mọ́ wà nílé wọn. Gbé kámẹ́rà rẹ lọ, jókòó tì wọ́n, jẹ́ kí wọ́n sọ tẹnu wọn bó ṣe wù wọ́n, àti ìgbà tí wọ́n bá gbàgbé. Owó ọkọ̀ rẹ wà lọ́dọ̀ mi.

Mo nífẹ̀ẹ́ yín, gbogbo yín.

Olùṣọ́-àgùntàn yín nínú Kristi.

ÌKÉDE (àyè ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ẹ jọ̀ọ́): Ẹ̀kọ́ Bíbélì Ọjọ́rú, agogo márùn-ún ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́, Jẹnẹsisi 33 la máa kà. Láti ìsinsìnyí lọ, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ gbé fídíò sórí síkírínì níbi ìdúpẹ́ tàbí ìrántí láìjẹ́ pé alàgbà méjì ti wò ó tán. Bàtà obìnrin ẹsẹ̀ kan àti kúlà aláwọ̀ búlúù wà ní ọ́fíìsì. Kí ẹni tó ni wọ́n wá gbà wọ́n. Ìpàdé ìgbìmọ̀ ìkórè di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Owó epo jẹnẹrétọ̀ oṣù yìí ò tíì pé, Ẹgbẹ́ Ìfẹ́lódùn nìkan ló ti san.