Ẹ Sọ Ohun Tó Wà Láàárín Oko àti Yunifásítì Fún Wa

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. A kì í fojú fo ojú ìwé tí ẹ ti máa ń kọ ìtàn àwọn ọmọ Èkìtì tó di ọ̀jọ̀gbọ́n. Ìtàn náà á bẹ̀rẹ̀ lóko kòkó, níbi tí ọmọ ti ń fẹsẹ̀ lásán rìn lọ sílé ìwé; ká tó ṣẹ́jú, ó ti wọ aṣọ oyè ní yunifásítì. Ohun tó wà láàárín ni kì í sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni òbí tó ní ọmọ ní Ẹ̀fọ̀n tàbí Òmùò ń wá. Àwa tí à ń kọ́ ọmọ ní kẹ́mísìrì àti físíìsì mọ ibẹ̀ dáadáa, torí ibẹ̀ ni ọ̀nà ti ń já mọ́ wọn lẹ́sẹ̀.

Adégòkè Olúbùmmọ, ọmọ Ọ̀rìn-Èkìtì tí wọ́n bí ní 1923, gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ìṣirò ní Yunifásítì Durham ní 1955, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Ìbàdàn. Káyọ̀dé Ọ̀súntọ́kun, ọmọ Òkèmẹ̀sí tí wọ́n bí ní 1935, ka Christ's School l'Ádó kó tó di àgbà oníṣègùn ọpọlọ. Àìsàn kan wà tó máa ń mú kí ẹsẹ̀ kú, kí ènìyàn máa ta gọ́ọ́gọ́ bó bá ń rìn, kí ojú àti etí sì máa rẹ̀yìn. Iṣẹ́ ìwádìí Ọ̀súntọ́kun so ó mọ́ jíjẹ ẹ̀gẹ́ lójoojúmọ́ àti májèlé sáyánáídì inú rẹ̀.

Ọmọ tó dàgbà níbi tí wọ́n ti ń yan gàrí ti rí ìdajì ẹ̀kọ́ yẹn kó tó mọ ìwé kà. A ó bó ẹ̀gẹ́, a ó rin ín, a ó kó o sápò, a ó gbé òkúta lé e fún ọjọ́ mẹ́ta kí omi rẹ̀ ro, a ó sẹ́ ẹ, a ó wá yan án. Rínrin ló ń fọ́ ara ẹ̀gẹ́ tí májèlé fi ń tú sílẹ̀. Díẹ̀ á bá omi jáde nínú àpò, èyí tó kù á bá ooru lọ lórí agbada, torí sáyánáídì tó ti tú sílẹ̀ kò ju nǹkan bí 26 °C lọ tó fi ń hó. Ẹni tó ń kánjú ọjà, tó yan án lẹ́yìn ọjọ́ kan péré, kò jẹ́ kí iṣẹ́ yẹn parí, májèlé tó ṣẹ́kù á sì pọ̀ jù. Ìyá tó ní "ó di ọjọ́ kẹta" mọ ohun tó ń ṣe. Bí olùkọ́ bá bi ọmọ rẹ̀ pé "kí ló dé tó fi jẹ́ ọjọ́ mẹ́ta?", kẹ́mísìrì ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Kò sì dìgbà tí ìjọba bá kó irinṣẹ́ wá. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ ìṣápá pupa gbígbẹ kan sínú ife omi gbígbóná kan, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ pín in sínú ife mẹ́ta tó mọ́ gaara. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú ọ̀kan: á pọ́n fòò. Ẹ da omi tó ro lára àpò gàrí sínú èkejì: pupa náà ni yóò wà, torí omi gàrí kan, ásíìdì ni. Ẹ máa kán omi eérú tó ti tòrò sínú ẹ̀kẹta: pupa á lọ, á di àwọ̀ búlúù tàbí àwọ̀ ewé, torí álíkálì ni omi eérú, òdìkejì ásíìdì. Bí kò bá yí padà, ó lè jẹ́ pé omi ìṣápá ti ki jù, kí ẹ là á. Ó sì lè jẹ́ eérú tí òjò ti pa ni, tí agbára rẹ̀ ti ṣàn lọ.

Ti físíìsì kò ju òwú àti òkúta kékeré kan lọ. Ẹ so òkúta mọ́ òwú, ẹ wọn 100 sẹ̀ǹtímítà láti ibi tí ẹ so ó kọ́ dé àárín òkúta, ẹ tì í díẹ̀. Kó tó fì lọ fì bọ̀ nígbà 20 (àlọ àti àbọ̀ jẹ́ ẹyọ kan), á gba nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 40. Ẹ gé òwú kù sí 25, ẹ ó rí i pé ó di nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 20: òwú dín sí ìdá kan nínú mẹ́rin, àkókò dín sí ìdajì péré. Ẹ jẹ́ kí ọmọ fúnra rẹ̀ wá ìdí rẹ̀. Àṣìṣe tí wọ́n sábà ń ṣe ni pé bí wọ́n bá ṣe tú òkúta sílẹ̀ báyìí, wọ́n á ní "ení". "Òdo" ló yẹ kí wọ́n wí, kò kúkú tíì fì. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ láti ení ń ka 19 ní 20, ìṣẹ́jú-àáyá 38 ni yóò sì kọ sílẹ̀.

Ọmọ tó ti ṣe báyìí ní SS1 kì í bẹ̀rù bùrẹ́ẹ̀tì, ọ̀pá gíláàsì tó ní òǹkà lára tí a fi ń kán ásíìdì sínú álíkálì. Nínú máàkì 200 tí WAEC ní fún kẹ́mísìrì, práátíkà, ìyẹn iṣẹ́ àfọwọ́ṣe, gba 50, síbẹ̀ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan wà tó jẹ́ pé ìgbà tí ìdánwò bá kù sí dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ń ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Ohun tó ń ba iṣẹ́ náà jẹ́ kò le, ọwọ́ tí kò mọ́ ọn lára ni. Ásíìdì ni a fi ń ṣan bùrẹ́ẹ̀tì, álíkálì ni a fi ń ṣan pìpẹ́ẹ̀tì tí a fi ń wọn álíkálì, ṣùgbọ́n omi nìkan ni a fi ń ṣan fláàsìkì ìsàlẹ̀ tí a ń kán ásíìdì sí. Ọmọ á fi álíkálì ṣan án, èyí tó lẹ̀ mọ́ ara fláàsìkì á kún èyí tó fi pìpẹ́ẹ̀tì wọ̀n, ásíìdì tó máa lò á sì ju bó ṣe yẹ lọ. Òmíràn á gbàgbé àrọ sórí bùrẹ́ẹ̀tì, ẹ̀kán kan á jábọ́ láti inú rẹ̀, òǹkà á yí. Òmíràn á jẹ́ kí afẹ́fẹ́ há sẹ́nu bùrẹ́ẹ̀tì nísàlẹ̀; bó bá jáde láàárín iṣẹ́, ọmọ á kà á mọ́ ásíìdì. Wọ́n á tún fẹnu fẹ́ ẹ̀kán tó kù sẹ́nu pìpẹ́ẹ̀tì, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ṣe pìpẹ́ẹ̀tì ti ṣírò ẹ̀kán yẹn tẹ́lẹ̀. Ẹ̀kán méjì methyl orange, aró tó ń yí àwọ̀ padà bí omi ìṣápá, ti tó. Kí òǹkà méjì má ju 0.20 cm³ lọ síra wọn, kí wọ́n má ṣe pa àkọ́kọ́ tí a fi ń dán an wò pọ̀ mọ́ wọn, kí wọ́n sì kọ 24.50, kì í ṣe 24.5.

Ní yunifásítì, ọdún kìíní ló ń kọ́kọ́ fìyà jẹ ọmọ tí kò bá ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nǹkan rí. Bó bá fi CGPA (àpapọ̀ èsì, nínú 5.00) 2.50 parí rẹ̀, kó tó lè ní 3.50 lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, ó gbọ́dọ̀ máa mú nǹkan bí 3.83 lọ́dọọdún fún ọdún mẹ́ta tó kù. 3.50 yẹn sì ni ilẹ̀kùn: ẹni tí kò bá dé e kì í sábà rí iṣẹ́ Graduate Assistant, àtẹ̀gùn àkọ́kọ́ olùkọ́ yunifásítì. Lẹ́yìn másítà, ọ̀pọ̀ yunifásítì ń béèrè máàkì 60 kí wọ́n tó gba ènìyàn fún oyè ọ̀mọ̀wé. Assistant Lecturer, Lecturer II, Lecturer I, Senior Lecturer, Reader, kó tó wá di ọ̀jọ̀gbọ́n: ó sábà máa ń gba ọdún mẹ́ta láti orí ọ̀kan dé orí èkejì, ẹni tí kò bá sì tẹ ìwádìí jáde, kò ní kúrò lójú kan.

Nítorí náà, Olóòtú, bí ẹ bá tún jókòó ti ọ̀jọ̀gbọ́n kan, ẹ bá wa bi í: ọdún wo ló kọ́kọ́ di bùrẹ́ẹ̀tì mú? Ta ló fi hàn án? Kí ni èsì ọdún kìíní rẹ̀? Ọdún mélòó ló lò láàárín másítà àti oyè ọ̀mọ̀wé, ta ló sì san owó rẹ̀? Ẹ tẹ ìdáhùn rẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, kí òbí tó wà ní Òmùò lè rí i kà lóṣù kẹsàn-án, nígbà tí ọmọ rẹ̀ bá ń wọ SS1.

Àwa ni tiyín,
Àwọn olùkọ́ kẹ́mísìrì àti físíìsì mélòó kan,
Ìkọ̀lé-Èkìtì.