Ẹ ṣọ́ra fún nọ́ńbà tí ẹ bá ń gbé kóòdù láti Python lọ sí Java

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wa láàyè díẹ̀ nítorí àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ kóòdù. Ọ̀pọ̀ ló ń da Python kọ sí Java, èdè méjì tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ní ìlà kọ̀ọ̀kan, bí ẹni pé ọ̀kan náà ni méjèèjì.

Ìdí nọ́ńbà ni ewu wà jù. Nọ́ńbà odidi inú Python lè tóbi títí àyè inú kọ̀ǹpútà yóò fi tán. Int ti Java, irú nọ́ńbà odidi kan nínú rẹ̀, kò lè kọjá 2,147,483,647. Ẹ fi 1 kún un, ó di -2,147,483,648, láìsí ìkìlọ̀ kankan. Ẹni tó bá ń fi kọ́bọ̀ ṣírò owó yóò kan ògiri yìí ní ₦21,474,836.47, owó tí oníṣòwò ńlá lè pa láàárín oṣù kan. Ẹ lo long, irú nọ́ńbà odidi Java tí àyè rẹ̀ ju ti int lọ. Bí ẹ bá sì fẹ́ kí ètò náà figbe ta nígbà tí nọ́ńbà bá kún jù, Math.addExact, àṣẹ ìròpọ̀ ti Java, wà níbẹ̀. Pínpín odidi náà yàtọ̀: -7 // 2 nínú Python jẹ́ -4, ṣùgbọ́n -7 / 2 nínú Java jẹ́ -3. Math.floorDiv ló ń mú wọn bára mu.

Ti gbígba ọ̀rọ̀ láti kíbọ́ọ̀dù kò le. nextInt ti Scanner, irinṣẹ́ Java tó ń ka ohun tí a tẹ̀, ń mú nọ́ńbà nìkan, ó ń fi Enter sílẹ̀, nextLine (èyí tó ń ka odidi ìlà) tó tẹ̀lé e á sì mú òfìfo. Ìdí nìyẹn tí ètò fi ń fo ìbéèrè orúkọ. Ẹ fi nextLine ka gbogbo rẹ̀, kí ẹ fi Integer.parseInt yí i sí nọ́ńbà. Ẹ má gbàgbé trim, tó ń gé àlàfo etí kúrò: int() ti Python ń fara da àlàfo etí nọ́ńbà, parseInt kì í gbà á.

Àwa olùkọ́ kọ̀ǹpútà kan,
Ìbàdàn.