Ẹ má fo "ẹyọ 2" inú ìwé mítà yín

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé ọ̀rọ̀ yìí dé etí àwa tí a ń fi mítà oní-nọ́ńbà tún nǹkan iná ṣe. Mo dá ṣájà tí kò ṣẹ̀ lẹ́bi, ó sì ń dùn mí títí di òní.

Ṣájà bátìrì lithium ni, 4.20 volt ló yẹ kó máa gbé jáde. Mítà mi kọ 4.4. Mo ní iná yìí yóò ba bátìrì jẹ́, mo ní kí ẹni tó ni ín lọ ra òmíràn. Ojú ìwọ̀n 600 volt, ibi tí ó ti lè wọn iná títí dé 600 volt, ni mítà wà, n kò kà á sí.

Ohun tí ìwé mítà mi sọ ni pé àṣìṣe rẹ̀ lè tó ìdá 0.5 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí mo bá kà, pẹ̀lú ẹyọ 2. Ìdá 0.5 yẹn la máa ń rí. Ẹyọ 2 la máa ń fò. Ẹyọ kan ni ìṣísẹ̀ kan nọ́ńbà tó kángun sápá ọ̀tún. Lójú 600, ìṣísẹ̀ kan jẹ́ 0.1 volt, nítorí náà ẹyọ 2 jẹ́ 0.2. Ìdá 0.5 nínú ọgọ́rùn-ún 4.4 kò ju 0.022 lọ. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 0.222. Iná tí mo pè ní 4.4 lè jẹ́ 4.178, ó sì lè jẹ́ 4.622. 4.20 wà láàárín wọn!

Nígbà tí mo padà wọ̀n ọ́n lójú 6 volt, ó kọ 4.203. Níbẹ̀, ẹyọ 2 kò ju 0.002 lọ, gbogbo àṣìṣe rẹ̀ sì jẹ́ 0.023. Mo gbé ṣájà padà fún olówó rẹ̀, mo sì tọrọ àforíjì.

Ìlà kékeré kan tún wà nísàlẹ̀ ìwé náà: láàárín 18 sí 28 lórí ìwọ̀n Celsius nìkan ni ìṣirò yìí dúró. Tí ooru bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìdá kan nínú mẹ́wàá àṣìṣe náà la ó fi kún un fún dígírì kọ̀ọ̀kan. Bí ooru bá jẹ́ 35, 0.023 ti di 0.039 nìyẹn. Ti mítà tèmi ni mo sọ o. Ẹ wo ti yín.

Ẹ̀yin ọ̀gá tó ń kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi bírò ṣe ìṣirò yìí kí wọ́n tó sọ fún ẹnikẹ́ni pé nǹkan rẹ̀ ti bàjẹ́.

Èmi ni tiyín,
Atúnnǹkan-iná-ṣe kan