Lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n mi tí kò fẹ́ yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu

Bọ̀ọ̀dá mi ọ̀wọ́n,

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo pé iye ọdún tí ẹ lò láyé. Bí mo bá tún ṣe ọjọ́ ìbí kan sí i, àbúrò ti ju ẹ̀gbọ́n lọ nìyẹn. Ẹ má bẹ̀rù, n kò ní tìtorí ẹ̀ máa pè yín ní ìwọ.

Àbíkẹ́yìn yín ti ga jù mí lọ. Agídí rẹ̀ náà ò kéré, a sì mọ ibi tó ti mú un.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ alẹ́ tó ṣáájú iṣẹ́ abẹ yẹn ni mo bá wá. Mo jókòó sórí àga onírin ẹ̀gbẹ́ ibùsùn yín. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, ó ń mì lábẹ́ mi. Ẹ bi mí bóyá mo ti jẹun. Ẹ ní kí n lọ sùn, pé Ẹni tí ẹ fọ̀rọ̀ lé lọ́wọ́ kì í tòògbé. Ẹ bá yíjú sí ògiri. Nọ́ọ̀sì wọlé, ó jáde, ẹ ò yíra padà. Títí dòní làwọn èèyàn ń fi jẹ́rìí pé oorun àsùnwọra lẹ sùn lálẹ́ ọjọ́ náà, pé ìgbàgbọ́ ńlá nìyẹn. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n yàrá kan náà la jọ dàgbà, mo mọ bí ẹ ṣe ń mí tí ẹ bá ti sùn. Mo dẹtí sílẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́, n kò gbọ́ ọ.

Àìsàn náà ti wà lára yín tipẹ́ kí a tó mọ̀. Nígbà tí mo bèèrè ìdí tí ẹ ò fi sọ, ẹ ní Ọlọ́run nìkan lẹ gbọ́kàn lé. Ẹnu mi wọhò. Ta ló fẹ́ bá Ọlọ́run du ipò? Mo ti wá rí èsì rẹ̀ báyìí. Èlíjà náà, Ọlọ́run nìkan ló gbẹ́kẹ̀ lé, síbẹ̀ ọ̀dọ̀ opó kan ní Sáréfátì ni Ọlọ́run rán an lọ, opó tí ìyẹ̀fun rẹ̀ kò ju ẹ̀kúnwọ́ kan lọ. Èlíjà ò sọ pé òun ò fẹ́ yọ ọ́ lẹ́nu. Nígbà tó sì rẹ̀ ẹ́ débi pé ó ń tọrọ ikú lábẹ́ igi, áńgẹ́lì ò wàásù fún un. Ó jí i, ó ní kó jẹun, ó jẹ́ kó tún sùn. Bọ̀ọ̀dá mi, ṣé èmi ò tó opó Sáréfátì ni?

Ẹsẹ tí ẹ fẹ́ràn jù, Aísáyà 30:15, mo padà lọ kà á. Ẹ̀rù Ásíríà ló ń ba Júdà. Wọ́n di ìṣúra lé ràkúnmí lẹ́yìn, ó di Íjíbítì, wọ́n ń wá ẹṣin àti olùrànlọ́wọ́. Wòlíì ní kí wọ́n padà, kí wọ́n sinmi, pé nínú ìdákẹ́jẹ́ àti ìgbẹ́kẹ̀lé ni agbára wọn wà. Wọn ò gbà. Kì í kúkú ṣe pé ó ní kí wọ́n káwọ́ gbera. Hesekáyà, ọba Júdà, gbẹ́ ojú omi gba abẹ́ àpáta Jerúsálẹ́mù, nǹkan bíi mítà 533, ó wà níbẹ̀ títí dòní. Ohun tó dun wòlíì ni pé wọ́n ń wo adágún omi, wọn ò wo Ẹni tó ṣe é. Nígbà tí Senakéríbù, ọba Ásíríà, dé lọ́dún 701 ṣáájú ìbí Kristi, Hesekáyà san 300 tálẹ́ńtì fàdákà àti 30 tálẹ́ńtì wúrà fún un, ó bó wúrà ara ilẹ̀kùn tẹ́ńpìlì kún un. Ọ̀tá ò padà. Ìgbà tí lẹ́tà ìhàlẹ̀ dé, Hesekáyà gbé e lọ tẹ́ síwájú Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ṣáájú ìyẹn, ó ti ránṣẹ́ sí Aísáyà pé kó bá òun gbàdúrà. Ọba sọ fún ènìyàn! Ẹ̀yin ò sọ fún wa.

Wọ́n ń dín òṣìṣẹ́ kù níbi iṣẹ́ mi báyìí. Ọ̀gá kan ṣèlérí pé òun á bá mi sọ̀rọ̀. Òun ni Íjíbítì tèmi. Òru ni mo fi ń wo fóònù bóyá ó ti ka àtẹ̀jíṣẹ́ mi. Dókítà fún mi ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ó ní kí n máa sùn, bí ẹni pé mo kọ oorun ni. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ìyàwó mi bi mí ohun tó ń ṣe mí. "Kò sí" ló wá sẹ́nu mi, bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe máa ń sọ ọ́. Inú bí mi sí yín. Mo bá jókòó, mo tú gbogbo rẹ̀ síwájú rẹ̀, títí kan gbèsè. A gbàdúrà, kò gùn. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí, n kò ní purọ́ fún òkú. Ṣùgbọ́n ó ní mo hanrun mọ́jú.

Ọ̀gá yẹn ní kí n pe òun lọ́jọ́ Ajé. N ó pè é lẹ́ẹ̀kan. Bí kò bá gbé e, n kò ní pè é mọ́. Mo ní lẹ́tà ìwáṣẹ́ tí mo fẹ́ kọ.

Èmi ni,
Àbúrò yín.