Ọdún 99 tiwọn, ọdún 99 tiwa

Sí Olóòtú,

Àwọn tó ń sọ pé kí ìjọba wá kọ́ ilé alájà gíga bíi ti Síngápọ̀ sí Ilé-Ifẹ̀, ilé nìkan ni wọ́n ń wò. Kò sẹ́ni tó ń béèrè ìwé ilé náà.

Ọdún 1960 ni erékùṣù yẹn dá HDB sílẹ̀, àjọ tó ń kọ́ ilé fún ará ìlú. Ní 1966, wọ́n ṣe òfin tí ìjọba fi ń gba ilẹ̀. Ẹni tó ra fúláàtì HDB kò ra ilẹ̀ o: ọdún 99 ni wọ́n fún un, iye kan náà tó máa ń wà lára C of O tiwa, ìwé àṣẹ ilẹ̀ tí gómìnà ń fọwọ́ sí. Bó bá pé, HDB ló nilé. Ìdí nìyẹn tí èyí tó ti gbó fi ń ṣòroó tà. Bí ọdún tó kù kò bá tó 20, olùrà kò lè fọwọ́ kan CPF, owó ìfẹ̀yìntì tí wọ́n ń yọ lára owó oṣù, láti fi san án.

Òfin wọn le. Ẹni tó ra tuntun gbọ́dọ̀ gbé inú rẹ̀ fún ọdún márùn-ún, ó kéré tán, kó tó tà á. Kò sì gbọdọ̀ gba ayálégbé fún àkókò tí kò tó oṣù mẹ́fà. Láti 1989, iye ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan tó lè gbé ilé alájà kan ní òǹkà. (Ẹ má bá wa fi ìyẹn wé Ifẹ̀ àti Mọdákẹ́kẹ́, ọ̀rọ̀ yẹn gba lẹ́tà tirẹ̀.)

Bí ẹni tó ni fúláàtì ṣe ń tà á fún ẹlòmíràn ló dùn mọ́ wa jù. Owó tí olùrà kọ́kọ́ fi ń di ilé mú kò gbọdọ̀ ju dọ́là ibẹ̀ 1,000 lọ. Olùrà ní ọjọ́ 21 láti fi ronú, olùtà kò sì gbọdọ̀ tà á fún ẹlòmíràn títí ọjọ́ náà yóò fi pé. Orúkọ tó wà nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ ìjọba ló nilé. “This house is not for sale” tí àwa ń fi ọ̀dà kọ sára ògiri, inú ìwé yẹn ni tiwọn ń wà.

Níbí, Òfin Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ sọ́wọ́ gómìnà, síbẹ̀ ọwọ́ ẹbí la ti ń rà á. Bí olórí ẹbí kò bá sí níbẹ̀, òfo ni. Bí olórí ẹbí bá dá a tà láìsọ fún àwọn àgbà ìdí igi kọ̀ọ̀kan, wọ́n lè gbé e lọ kóòtù kí wọ́n sì fagi lé e. Risíìtì kò gba èèyàn lọ́wọ́ ìyẹn. Nítorí náà, kówó tó jáde, ẹ gba ẹ̀dà ìwé sọ́fè. Kí awọnlẹ̀ tí ẹ mú wá fúnra yín (ẹ má lo tẹbí) gbé nọ́ńbà òpó ààlà lọ sí ọ́fíìsì awọnlẹ̀ àgbà ní Òṣogbo, kó wò ó bóyá ìjọba ti gba ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀. Kí lọ́yà náà sì wo ìwé ìforúkọsílẹ̀ ilẹ̀, kó tún béèrè ní kóòtù bóyá ẹjọ́ wà lórí rẹ̀. Èyí tó bá ní C of O gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda gómìnà, abala 22 Òfin Ilẹ̀ náà.

Ohun tó ń ba ìwé tiwa jẹ́ jù ni ikú. Bàbá á kú, àwọn ọmọ á pín yàrá, wọn ò ní dé ilé ẹjọ́ gíga lọ gba ìwé àṣẹ lórí ogún. Lẹ́yìn ogún ọdún, orúkọ òkú ló ṣì wà ní Òṣogbo, kò sì sí ẹnì kan láàyè tí òfin gbà kó fọwọ́ sí títà ilé náà.

Àwa lọ́yà ilẹ̀ méjì,
Lágéré, Ilé-Ifẹ̀