Orúkọ mẹ́ta lórí ọmọ kan ṣoṣo

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi wá àyè fún lẹ́tà mi yìí nínú ìwé ìròyìn yín, mo mọ̀ pé ó gùn díẹ̀, bẹ́ ẹ bá fẹ́ gé e ẹ gé e, àmọ́ ẹ má gé ibi tí mo ti sọ̀rọ̀ orúkọ o, torí ibẹ̀ gan-an ni mo ṣe jókòó kọ ọ́.

Ìsọ̀ kọ̀ǹpútà ni mo ní lójú ọ̀nà Ìwòròkò níbí l'Ádó-Èkìtì. Kọ̀ǹpútà mẹ́rin, ọ̀kan ti kú, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan, àti jẹnẹrétọ̀ kan tó jẹ́ pé tí mo bá ti tàn án, ìyá tó ń ta búrẹ́dì lódìkejì títì á bẹ̀rẹ̀ sí í fìka ka iye owó fún oníbàárà torí wọn ò gbọ́ ara wọn mọ́. Láti 2024 tí ìjọba àpapọ̀ ti ṣí pọ́tálì NELFUND, ìyẹn owó ẹ̀yáwó àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ó ṣòro kí ọ̀sẹ̀ kan lọ kí n má bá ọmọ kan kún fọ́ọ̀mù ẹ̀. Ọmọ EKSU ń wá, ọmọ FUOYE láti Ọ̀yẹ́, ọmọ Pólì, ọmọ BOUESTI láti Ìkẹ́rẹ́. Àwọn ọmọ yunifásítì aládàáni náà máa ń wá, ìyẹn ni mò ń dá padà lójú ẹsẹ̀ torí owó yẹn ò sí fún ilé-ìwé aládàáni.

Ẹ̀rù gbèsè ń ba àwọn òbí wa gan-an. Bàbá kan láti apá Ìkọ̀lé mú ọmọ wọn obìnrin wá, wọ́n jókòó jẹ́jẹ́, wọn ò sọ nǹkan kan títí a fi dé ibi tí ọmọ yẹn ti fẹ́ tẹ̀ ẹ́ pé òun gbà, ni bàbá bá di ọwọ́ ọmọ mú. Wọ́n ní "Ọ̀gá kọ̀ǹpútà, ẹ dákun, ṣé kì í ṣe ìwé ìwọ̀fà lẹ fẹ́ kọ́mọ mi tọwọ́ bọ̀ yìí?" Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, mi ò lè rín in, torí wọ́n ní bàbá tó bí bàbá àwọn lọ ṣe ìwọ̀fà lóko olóko nítorí gbèsè òkú tí wọ́n fẹ́ sin, ìtàn yẹn làwọn gbọ́ dàgbà. Ẹni tó bá gbọ́ irú ẹ̀ nílé ò ní fọ̀rọ̀ owó ẹ̀yá ṣeré láéláé.

Mo bá pa jẹnẹrétọ̀ kí wọ́n lè gbọ́ mi dáadáa. Mo ní bàbá, kò lélé kankan. Owó ilé-ìwé, NELFUND ló ń san án tààrà fún ilé-ìwé, kò gba ọwọ́ ọmọ kọjá rárá, 20,000 náírà lóṣù tí wọ́n ní kó máa fi jẹun ló ń bọ́ sínú àkáǹtì ọmọ fúnra ẹ̀, ìyẹn tó bá béèrè fún un. Tó bá ṣe àgùnbánirọ̀ tán, tó sì pé ọdún méjì, tó bá ti ríṣẹ́, ìgbà yẹn ni wọ́n á máa yọ ìdá mẹ́wàá owó oṣù ẹ̀ títí á fi san án tán. Bàbá ní "Ìdá mẹ́wàá? Bíi ti ṣọ́ọ̀ṣì?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà. Ibẹ̀ ló ti yé wọn, wọ́n tú ọwọ́ ọmọ sílẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ òbí ṣì ń gbé kiri lọ́kàn ni òfin àtijọ́, èyí tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà 2023, tó ní ìdílé tí owó tó ń wọlé fún un ò ju 500,000 náírà lọ lọ́dún nìkan ló lè yá a, tó tún ní kí wọ́n lọ wá onídùúró, ẹ wo ibi tí àgbẹ̀ ti fẹ́ rí lọ́yà tó máa dúró fún ọmọ ẹ̀. Wọ́n ti pa ìyẹn rẹ́. Òfin tuntun tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọjọ́ 3 oṣù kẹrin 2024 ti yọ gbogbo ẹ̀. Nítorí náà kì í ṣe ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà mọ́.

Orúkọ lọ̀rọ̀ wà.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Fọ́ọ̀mù yìí á béèrè NIN, á béèrè BVN, á béèrè nọ́ńbà JAMB, á béèrè nọ́ńbà mátíríìkì, gbogbo wọn ló sì gbọ́dọ̀ tọ́ka sí èèyàn kan náà. Ẹ̀yin náà ẹ mọ bí a ṣe ń sọ ọmọ lórúkọ níbí. Ọmọkùnrin kan wá bá mi, ká ṣá ní orúkọ ilé wọn ń jẹ́ Fáwọlé. Nígbà tí bàbá ẹ̀ gba Jésù, wọ́n ní àwọn ò lè máa jẹ́ orúkọ Ifá mọ́, wọ́n yí i sí Olúwọlé. Ó dáa, ìgbàgbọ́ wọn nìyẹn, mi ò bá wọn jà. Àmọ́ Fáwọlé ló wà lórí NIN torí ìyá àgbà ló mú un lọ ṣe é nígbà tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Olúwọlé ló wà lórí WAEC. Ní báńkì, òṣìṣẹ́ tó ṣí àkáǹtì fún un kọ Oluwole Sunday, nígbà tó jẹ́ pé Sunday yẹn ni orúkọ ọmọ náà fúnra ẹ̀, òṣìṣẹ́ yẹn kàn gbé ẹ̀yìn síwájú. Ọmọ kan, orúkọ mẹ́ta, ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ò mọ ẹni tó ń jẹ́ èwo. (Nígbà míì mo máa ń rò ó pé Fábùnmi Òkè-Ìmẹ̀sí tó dá ogun Èkìtì Parapọ̀ sílẹ̀ ò yí orúkọ tiẹ̀ padà, Fájuyì náà ò yí i, kò sì dí wọn lọ́wọ́ ohunkóhun. Ẹ má bínú, mo kàn sọ ọ́ ni.)

A ní kó lọ tún un ṣe. Ẹ gbà mí! Láti 2021 ni JAMB ti ń lo NIN láti fi forúkọ sílẹ̀, torí náà orí NIN lèèyàn ti gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe, kó tó kan JAMB, kó tó kan ilé-ìwé. Láti tún nǹkan ṣe lórí JAMB, ímeèlì tó fi forúkọ sílẹ̀ ni wọ́n máa béèrè. Mo ní "Kí ni ímeèlì ẹ?" Ó ní òun ò mọ̀, kàfé tóun ti ṣe JAMB ló bá òun ṣí i. Kàfé yẹn dà? Ó ti di ìsọ̀ onírun. A lọ síbẹ̀ lóòótọ́ o, àǹtí tó ń dirun níbẹ̀ ní ẹni tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti japa. Bí páásíwọ̀dù ọmọ ọlọ́mọ ṣe bá ọkùnrin yẹn lọ sókè òkun nìyẹn. Oṣù tó lé ní mẹ́ta la fi ń sáré kiri, nígbà tá a fi parí ẹ̀, wọ́n ti ti pọ́tálì fún ọdún yẹn.

Kí n tó gbàgbé, ọ̀fẹ́ ni fọ́ọ̀mù yìí o. Èmi máa ń gba 500 náírà fún dátà àti epo, mi ò fi pamọ́. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ mú 10,000 wá pé òun ní ọ̀nà lọ́dọ̀ wọn, olè ni.

Ó wá ku ti àbúrò mi. Ọmọ ẹ̀ obìnrin ò níṣòro orúkọ rárá, gbogbo ìwé ẹ̀ bára mu, èmi fúnra mi ni mo yẹ̀ ẹ́ wò. A kún un, pọ́tálì ní kò sí orúkọ ẹ̀ nínú èyí tí ilé-ìwé fi ránṣẹ́. Torí ilé-ìwé ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kó orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn àti iye owó tí kálukú máa san sórí pọ́tálì yẹn, tí wọn ò bá kó o, ọmọ lè kún fọ́ọ̀mù títí ilẹ̀ á fi mọ́. Mi ò ní dárúkọ ilé-ìwé náà. Ọmọ yìí lọ sí ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n ní lọ bá àwọn ICT. ICT ní lọ bá bọ́sárì. Bọ́sárì ní ta ló ní kó wá sọ́dọ̀ àwọn. Ìdánwò ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n ní ẹni tí ò bá tíì sanwó ò ní wọlé. Àbúrò mi, tó ń ta èlùbọ́ ní Ọjà Ọba, lọ kó àjọ oṣù márùn-ún, ó lọ san án.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n tó kó orúkọ ránṣẹ́. NELFUND sanwó. A rí i lórí pọ́tálì pé wọ́n ti san án. Ìyẹn ni pé ẹ̀ẹ̀mejì ni ilé-ìwé gbowó lórí ọmọ kan, gbèsè ìjọba sì ti wà lọ́rùn ẹ̀. A ní kí wọ́n dá ti ìyá ẹ̀ padà, wọ́n ní ó di sáà tó ń bọ̀. Sáà dé, wọ́n ní àwọn ò rí nǹkan tó jọ ọ́.

A máa ń yangàn ní Èkìtì pé kò sí agbo ilé tí ò ní ọ̀jọ̀gbọ́n, ó dáa, kí ọ̀kan nínú wọn bá wa ka orúkọ ọmọ sórí pátákó. Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ò ju ìyẹn lọ: kí gbogbo ilé-ìwé lẹ orúkọ tí wọ́n ti fi ránṣẹ́ sí NELFUND mọ́ pátákó kí sáà tó wọra, kí wọ́n lẹ èyí tí wọn ò fi ránṣẹ́ náà, kí wọ́n kọ ìdí ẹ̀ sí i níwájú, kí ọmọ tó ti kún fọ́ọ̀mù tó ń retí gba ìwé pélébé tó máa fi wọ yàrá ìdánwò. Ẹ̀yin òbí náà, ọmọ tó ṣì wà ní SS2, ẹ kó ìwé ẹ̀ sórí tábìlì lálẹ́ òní, ẹ ka orúkọ tó wà lórí ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ má dúró dìgbà JAMB.

Risíìtì owó tí àbúrò mi san wà nínú dúrọ́ọ̀ mi, mo ti tẹ ẹ̀dà mẹ́fà. Ẹni tọ́rọ̀ kàn tó bá fẹ́ rí i, ìsọ̀ mi ò ṣòroó mọ̀, kẹ́ ẹ ṣá ti gbọ́ ariwo jẹnẹrétọ̀.

Èmi ni tiyín,
Oníkọ̀ǹpútà ọ̀nà Ìwòròkò,
Adó-Èkìtì.